Ẹ yé fi iye owó ṣe àfojúsùn nídìí póka

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ kí n bá àwọn tó ń ta póka, eré káàdì tí wọ́n ń fi owó ta, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn sọ̀rọ̀, yálà Ìbàdàn ni wọ́n wà tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ nínú wọn pé kí ni wọ́n fẹ́ gbé ṣe lóṣù yìí, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé, "Mo fẹ́ jẹ 100 dọ́là." Àfojúsùn yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ síwájú. Kì í ṣe pé owó kò dáa. Iye ọwọ́ tí wọ́n ń ta (ọwọ́ kan ni ìgbà tí wọ́n pín káàdì títí ẹnìkan fi kó owó tó wà nílẹ̀) kò tó ohun tí owó lè fi sọ òótọ́ fún wọn ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lórí tábìlì ènìyàn 6 ti No-Limit Hold'em, irú póka tí káàdì 2 ti ń wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí 5 sì ń jáde sí àárín fún gbogbo wọn, bí ọwọ́ 75 ni wọ́n ń pín ní wákàtí kan. Ẹni tó ń ta tábìlì 2 pọ̀ fún wákàtí 4 lọ́sẹ̀ yóò ta ọwọ́ 600. Ọ̀sẹ̀ bíi 17 ni yóò lò kó tó pé 10,000. Owó ọ̀ranyàn tí wọ́n ń fi sílẹ̀ kí káàdì tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, èyí tí wọ́n ń pè ní big blind, ni à ń fi wọn èrè àti àdánù. Ẹni tó bá ń jèrè big blind 5 lórí ọwọ́ 100 kọ̀ọ̀kan, ó mọ̀ ọ́n ta. Lórí ọwọ́ 10,000, ó yẹ kó jèrè 500. Àmọ́ oríire àti orí burúkú lè fi bíi 900 gbé e sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láàárín ọwọ́ 10,000 yẹn, kò sì ní ṣàjèjì rárá. Èyí já sí pé nínú irú ọlọ́póka bẹ́ẹ̀ 10, bíi 3 ni yóò parí oṣù 4 náà pẹ̀lú àdánù, láìṣe pé wọ́n ṣe àṣìṣe kankan. Kí ewu àdánù yẹn tó dín kù sí bíi 4 nínú 100, ó di ọwọ́ 100,000, ẹni tó ń ta 600 lọ́sẹ̀ yóò sì lò ju ọdún 3 lọ kó tó débẹ̀.

Àwọn onímọ̀ fásitì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà mọ èyí dáadáa. Ní ọdún 2015, wọ́n gbé ètò kọ̀ǹpútà wọn tó ń jẹ́ Claudico síwájú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ 4, ẹnì kan sí ẹnì kan. Wọ́n ta ọwọ́ 80,000, àwọn ènìyàn sì fi chips (owó eré) 732,713 lé iwájú, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ náà ní àlàfo yẹn kò tíì tó láti sọ pé ẹnìkan borí. Nígbà tí wọ́n padà dé pẹ̀lú Libratus ní January 2017, ọwọ́ 120,000 ni wọ́n ta fún 20 ọjọ́. Wọ́n tún ṣètò rẹ̀ pé káàdì tí ọlọ́póka kan gbà, òun náà ni kọ̀ǹpútà máa gbà níwájú ẹlòmíràn, kí oríire má baà ṣe adájọ́. Lọ́tẹ̀ yìí kọ̀ǹpútà borí, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn. Ẹ wá wo ẹni tó fi ọwọ́ 600 ọ̀sẹ̀ kan pinnu pé òun ti di ọ̀gá, tàbí pé òun ò wúlò.

Ẹ̀yin ọlọ́póka tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe ni kí ẹ fi ṣe àfojúsùn. Ẹ mú ihò kan péré tí owó ń bá jò, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ 8 dí i.

Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta lẹ́yìn iṣẹ́, ìjókòó small blind ni ihò náà wà, níbi tí èèyàn ti ń fi ìdajì big blind sílẹ̀ kó tó rí káàdì rẹ̀. Nítorí pé ìdajì ti wà nílẹ̀, ó máa ń dùn ún láti ju káàdì nù. Á ní kí òun ṣáà fi ìdajì yòókù kún un, kí òun wo ibi tó máa já sí. Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí káàdì àárín bá ti jáde, òun ni yóò máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ títí ọwọ́ náà yóò fi parí. Àwọn yòókù á ti rí ohun tó ṣe kí wọ́n tó ṣe tiwọn. Ẹni tó bá ń ju gbogbo káàdì rẹ̀ nù níbẹ̀ láìwò wọ́n, big blind 50 ni yóò pàdánù lórí ọwọ́ 100. Tí àkọsílẹ̀ yín bá ní ẹ̀ ń pàdánù 65, ó ń sọ fún yín pé bóyá ìbá sàn kí ẹ má fọwọ́ kan káàdì níbẹ̀ rárá. Mo ní bóyá, nítorí ìjókòó yìí kì í kan èèyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ọwọ́ 6, iye yẹn náà lè tàn yín fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ohun tí kò lè tàn yín ni iye ìgbà tí ẹ yà kúrò lórí àtẹ, ìyẹn ìlànà tí ẹ ti là sílẹ̀ fún ìjókòó yẹn. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kan, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà: káàdì tí ẹ ó fi gbé owó ga ju big blind lọ nìyí, èyí tí ẹ ó jù nù nìyí. Fún ẹni tó ṣì ń kọ́, kí ó má sí ìsọ̀rí kẹta ní small blind. Ní wákàtí 2 lórí tábìlì 2, nínú ọwọ́ bíi 300, nǹkan bí 50 ni yóò bá yín níbẹ̀. Bí ẹ bá yà kúrò lórí àtẹ ní ìgbà 12 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ fi 6 ṣe àfojúsùn ọ̀sẹ̀ kẹta, kó má sì ju 2 lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ètò kọ̀ǹpútà bíi PokerTracker tàbí Hold'em Manager lè ṣa àwọn ọwọ́ náà jọ fún yín. Bí ilé tẹ́tẹ́ tí ẹ̀ ń lò kò bá gba irú ètò bẹ́ẹ̀, ìwé àti bírò tó.

Ihò kejì ṣòro láti rí, nítorí ó jọ ọgbọ́n. Ẹ wo ọwọ́ kan lórí tábìlì tí owó ìjókòó rẹ̀, ìyẹn iye tí èèyàn ń gbé wá sídìí tábìlì, jẹ́ 10 dọ́là. Káàdì ọlọ́kàn pupa 2 wà lọ́wọ́ yín, 2 wà láàárín, káàdì kẹrin ti jáde, ó ku ẹyọ kan. Dọ́là 1 ló wà láàárín, ẹnìkejì yín wá fi 50 sẹ́ǹtì lé e. Ọkàn kan á ní kí ẹ san án, ó ku ọlọ́kàn kan kó pé 5, ọwọ́ tó lágbára. Ẹ kà á ná. Káàdì tí ẹ ò tíì rí jẹ́ 46; ọlọ́kàn 9 ló wà nínú wọn. Tí ọwọ́ yìí bá wáyé ní ìgbà 46, ẹ ó sọ 50 sẹ́ǹtì nù ní ìgbà 37, ìyẹn dọ́là 18 àti 50 sẹ́ǹtì. Ẹ ó jẹ dọ́là 1 àti 50 sẹ́ǹtì ní ìgbà 9, ìyẹn dọ́là 13 àti 50 sẹ́ǹtì. Dọ́là 5 ti wọmi. Kí ẹ tó lè san án láìpàdánù, ẹni yẹn gbọ́dọ̀ tún kó nǹkan bí 56 sẹ́ǹtì sílẹ̀ fún yín, ní ìpíndọ́gba, nígbàkígbà tí ọlọ́kàn bá já. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ọlọ́kàn kẹta bá bọ́ sí àárín báyìí, kọ́bọ̀ kan wọn ò ní wọlé mọ́. Lọ́wọ́ irú wọn, ẹ ju káàdì nù. Àfojúsùn tó tọ́ níbí ni pé kí ẹ má san owó kankan lórí káàdì tí kò tíì pé láìkọ́kọ́ sọ iye tí ẹ nílò. 50 sẹ́ǹtì láti jẹ àpapọ̀ dọ́là 2 jẹ́ 25 nínú 100; ohun tó wà lọ́wọ́ yín kò tó 20.

Ọ̀rọ̀ àkókò ńkọ́? Bí ẹni tó fi owó ṣe àfojúsùn bá jẹ owó ọjọ́ náà láàárín 20 ìṣẹ́jú, á dìde. Bó bá pàdánù, á jókòó di aago 2 òru kó lè gbà á padà. Ẹ kó gbogbo ọwọ́ tó ta lọ́dún jọ, ẹ ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù ni ó ta nígbà tó rẹ̀ ẹ́, tí inú ń bí i. Mi ò mọ ohun tó ń ba ọlọ́póka jẹ́ tó èyí. Ẹ dá wákàtí 2 fún ara yín. Ẹ dìde nígbà tó bá pé, yálà ẹ̀ ń jẹ tàbí ẹ̀ ń pàdánù. Owó ìjókòó 3 tó bá ti lọ kí àkókò tó pé nìkan ló lè yí i padà. Ẹ má sì fi iye ọwọ́ ṣe àfojúsùn ọ̀sẹ̀, torí ní alẹ́ Sátidé, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí tábìlì kẹrin, ìkarùn-ún, kí ó lè pé, ẹ ò sì ní ráyè ronú lórí ẹyọ kan nínú wọn. Fún ẹni tó wà níbi tí iná àti nẹ́tíwọ̀kì ti ń ṣe ségesège, tábìlì 1 tó: bí aago bá ká yín mọ́ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì lọ, wọn á ju káàdì yín nù pẹ̀lú owó tí ẹ ti kó sílẹ̀.

Wákàtí 2 yòókù nínú 4 tí ẹ ní lọ́sẹ̀ wà fún ẹ̀kọ́. Ẹ sàmì sí ọwọ́ 5 tó rú yín lójú, kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe lálẹ́ yẹn. Ẹ fi ọwọ́ bo èsì, kí ẹ kọ ohun tí ẹnìkejì lè ní lọ́wọ́ sílẹ̀. Bí K (káàdì ọba) kan bá wà láàárín, tí ẹ ò sì ní A (káàdì tó ga jù) tàbí K, ọ̀nà 12 ló fi lè ní AK, ọ̀nà 6 ló fi lè ní AA, ọ̀nà 3 péré ló fi lè ní KK. Ẹ̀rù KK tó máa ń bà yín yẹn, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 7 ni láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò báyìí wà fún ìgbà tí tábìlì bá ti pa dé; ẹni tó bá lò ó lásìkò títa lè pàdánù àkáǹtì rẹ̀ àti owó inú rẹ̀.

Lórí owó fúnra rẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára owó oúnjẹ, owó ilé àti owó ilé ìwé ọmọ. Bí kò bá sí èyí tí ẹ lè pàdánù pátápátá, ẹ má tíì jókòó. Owó ìjókòó 30, ìyẹn 300 dọ́là, ló tó fún tábìlì 10 dọ́là. Bó bá ti já sí 200, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí tábìlì 5 dọ́là. Fún ìdíje, ẹ nílò owó ìwọlé 100 ó kéré tán. Dọ́là ni kí ẹ̀yin tó wà ní Nàìjíríà máa fi kọ àkọsílẹ̀ yín, kì í ṣe náírà. Ẹni tó ṣírò rẹ̀ ní náírà lè rò pé òun jèrè, kó sì jẹ́ pé náírà ló já.

Ẹ̀yin olóòtú náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ìtàn Chris Moneymaker, oníṣirò owó láti Tennessee tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ìdíje àgbáyé ọdún 2003, tó sì jẹ dọ́là 2,500,000, òótọ́ ni, ó sì dùn. Ènìyàn 839 ló wọ ìdíje yẹn. Nígbàkígbà tí ẹ bá tún tẹ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ iye àwọn tó wọlé sí ẹ̀gbẹ́ iye owó tí ẹnì kan jẹ, kí lẹ́tà méjèèjì sì tóbi bákan náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkàwé yín láti Ìbàdàn