Lẹ́tà Sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tí Ìṣirò Ń Dẹ́rù Bà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìforítì. Ẹ̀yin tí mò ń kọ ìwé yìí sí mọ ara yín. Ẹ̀yin ni alẹ́ètì báńkì ń wọlé fún tí ẹ kì í fẹ́ ṣí i. Ẹ̀yin ni wọ́n ń fún ní ṣéńjì lọ́jà tí ẹ kàn ń sọ ọ́ sápò láìkà, nítorí ẹ ò fẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn yín rí i pé ìka lẹ fi ń kà á. Oṣù kì í tíì dé ìdajì tí owó yín ti tán, ẹ ò sì lè sọ ibi tó gbà lọ. Kì í ṣe ìnákúnàá ló ń ṣe gbogbo yín. Òǹkà ni kò bá yín rẹ́.

Mo ṣe akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbí ní Ìbàdàn títí mo fi fẹ̀yìn tì, irú yín tó sì ti jókòó níwájú tábìlì mi kò níye: tíṣà, télọ̀, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, àwọn èèyàn tí orí wọn pé pérépéré. Wọ́n á fọwọ́ sí ìwé tí wọn ò kà. Bí mo bá ní kí wọ́n sọ iye tí wọn yóò máa san lóṣù fún mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, "Mọ̀mí, ohun tẹ́ ẹ bá ti kọ náà ni." Ó máa ń dùn mí wọra. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí: ẹni tí òǹkà kò bá rẹ́ kì í ṣe olódo. Àwọn onímọ̀ ní orúkọ fún un, dyscalculia ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì fojú bù ú pé ó ń bá bí èèyàn mẹ́ta sí méje jà nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹlòmíràn ò ní in rárá, pàṣán tíṣà ló lé ìṣirò jáde lára rẹ̀ láti kékeré. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ ò ní láti di onímọ̀ ìṣirò kí ilé yín tó tòrò. Ohun tí ẹ nílò ni kí owó yín jẹ́ ohun tí ojú ń rí, tí ọwọ́ ń bà.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ṣe ṣe é. Nígbà tí wọ́n ń ná owó ẹyọ, 20,000 ẹyọ ló wà nínú ọ̀kẹ́ kan, kò sì sí ẹni tó ń fi orí lásán ro ó. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó gbé Ìjàyè, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ohun tó kọ jáde ní 1887. Wọ́n á da àpò sílẹ̀, ẹni tó ń kà á á kúnlẹ̀ tàbí kó jókòó tì í, á máa fa ẹyọ yọ ní márùn-ún márùn-ún. Bó bá fa márùn-ún lọ́nà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. Á tún ṣe bẹ́ẹ̀, á gbá méjèèjì pọ̀, ó di igba. Òkìtì igba lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì igba, títí àpò yóò fi tán. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ojú ń ṣọ́ ọ. Èèyàn lè ka owó ìlú lọ́nà bẹ́ẹ̀ láìmú ẹfun tàbí gègé.

Fóònù ló wá sọ owó di ohun tí a kì í rí mọ́. Ẹ tẹ nọ́ńbà, ó lọ. Ẹ ra dátà, ó lọ. Báńkì yọ tiwọn, ó lọ. Ẹni tí òǹkà bá lára mu lè máa ṣọ́ ọ lórí ẹ̀rọ. Bí ẹ̀yin ò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ìtìjú ńbẹ̀, ẹ dá owó padà sí òkìtì.

Lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ pín in. Mi ò ní kí ẹ ṣírò rẹ̀. Pípín ni mo wí. Ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya kan tí ọkọ ń gba 70,000 náírà, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024, tí ìyàwó sì ń rí bí 80,000 nídìí ọjà rẹ̀. 150,000 ló wọlé. Mo mọ̀ pé kò tó, pẹ̀lú bí ọjà ṣe gbówó lórí láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023. Owó tí kò tó gan-an ló nílò pípín jù. Owó ilé wọn jẹ́ 240,000 lọ́dún. Onílé kì í gbà á díẹ̀díẹ̀, nítorí náà oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi ń gbàgbé rẹ̀, oṣù kejìlá ni wọ́n fi ń sá kiri. Kí wọ́n ní kí ẹnìkan bá wọn pín in sí ọ̀nà méjìlá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: 20,000. Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri yàrá. Ìṣirò náà ti parí fún odidi ọdún. 20,000 yẹn ni kó kọ́kọ́ jáde, ṣáájú oúnjẹ pàápàá, kó lọ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí sínú àkáǹtì mìíràn tí wọn kì í gbé káàdì rẹ̀ rìn.

Oúnjẹ ló kàn. Bí wọ́n bá ya 60,000 sọ́tọ̀, kí wọ́n lọ gbà á wálé, kí wọ́n fi 15,000 sínú àpòòwé mẹ́rin, ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí tọ̀sẹ̀ yìí bá tán lọ́jọ́ Ẹtì, ohun tó bá wà nílé ni wọ́n á jẹ dé ọjọ́ Àìkú. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ rántí pé oṣù kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta máa ń ṣẹ́kù, òun ló sì máa ń ba ètò àwọn tó ti ń gbìyànjú jẹ́. Ẹ fi gàrí àti ẹ̀wà díẹ̀ dè é. Owó ọkọ̀, owó iná, owó iléèwé ọmọ, ti gbèsè, ti àìròtẹ́lẹ̀, kálukú ní àpòòwé tirẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ń dà yín láàmú, ẹ ya àwòrán sí i lára, kẹ̀kẹ́ Márúwá fún owó ọkọ̀, gílóòbù fún owó iná. Àwọn ọmọ á tètè mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.

Àwọn alájọ ti ń lo irú ọgbọ́n yìí kí wọ́n tó bí yín. Bí ẹ bá ń dá 500 lójúmọ́, ẹ ó rí àpótí kéékèèké 31 lórí káàdì yín. Ti ọjọ́ kan jẹ́ owó iṣẹ́ alájọ. 30 tó kù jẹ́ 15,000 tiyín. Ẹ wo káàdì, ẹ ti rí bí owó ṣe ń ga. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé alájọ yín, kí ẹ sì máa gba owó yín lóṣooṣù. Mo ti rí omijé lójú àwọn tó fi owó ọdún kan sọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ ojúlé rẹ̀.

Irú káàdì yẹn náà ni kí ẹ fi san gbèsè. Ẹ mú páálí kan fún olówó kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sókè. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ ní 60,000, ẹ ya àpótí 12, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún 5,000. Ẹ san 5,000, ẹ kun àpótí kan, kí ẹni tó gbowó fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí àyọkúrò kankan níbẹ̀. Ẹ ṣe páálí fún gbogbo wọn, títí dé ọ̀dọ̀ ìyá aláta tí ẹ ń gba àwìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá tẹ́ gbogbo páálí náà sílẹ̀ ni ẹ ó tó rí gbèsè yín. Mo mọ àwọn tí ó bà nínú jẹ́ nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n sì sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí wọn ò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ti èlé, ẹ má béèrè pé ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹni tó fẹ́ rẹ́ yín jẹ á dáhùn pé kò ju márùn-ún lọ, kò ní sọ bóyá lọ́sẹ̀ ni tàbí lọ́dún. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ bi í: èló ló máa wọ ọwọ́ mi? Èló ni màá san títí yóò fi tán? Ọjọ́ wo ni ìgbẹ̀yìn? Kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní áàpù kan sọ pé òun yóò yá yín ní 20,000 fún ọjọ́ 14. 17,000 ló wọlé, wọ́n ti yọ èlé, 20,000 lẹ ó sì dá padà. 3,000 fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò jọ pé ó pọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń san án, tó tún ń yá a, fún ọdún kan gbáko, ìgbà 26 ni yóò ṣe é, 78,000 ni yóò sì ti san lórí 17,000 kan náà. Ti olówó èlé àdúgbò kò yàtọ̀. Bó bá ń gba kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kan lóṣù, 50,000 tí ẹ yá yóò máa bí 5,000. Ẹ san èlé nìkan fún oṣù mẹ́wàá, ẹ ti san 50,000, ẹ ṣì jẹ 50,000. Ní ti owó ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí àwọn ará ọjà ń pè ní gbọ́múlélántà, ẹni tí ọjà rẹ̀ ń yí lọ́sẹ̀ lè fi ṣiṣẹ́. Ẹ má gbà á san owó ilé tàbí owó iléèwé láé, nítorí owó ilé kì í pa èrè dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn ó sì wá gba tiwọn.

Láyé àtijọ́, olówó a máa rán ológò lọ sílé onígbèsè, á jókòó síbẹ̀, á máa pariwo, á máa jẹ ohun tó bá rí, títí wọn yóò fi san owó. Àwọn áàpù kan ti gbé ìyẹn wá sórí fóònù. Wọ́n á ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín, àna yín, olùṣọ́ àgùntàn yín, pé olè ni yín. Ẹ má gbà fún wọn. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ní ìlànà lórí áàpù ayánilówó láti 2022, wọ́n sì ń gbé orúkọ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí jáde. Ẹ wò ó kí ẹ tó yá owó, kí ẹ sì fẹjọ́ sùn wọ́n bí áàpù bá ń dójú tì yín. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 náà sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí àìmú àdéhùn ṣẹ lásán. Jìbìtì àti ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Mi ò sọ èyí kí ẹ lè sá fún gbèsè. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ní báńkì, ti so àkáǹtì yín pọ̀, àti láti 2020 ni ìlànà CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ti gba báńkì láyè láti fa owó tí ẹ jẹ ẹ́ yọ nínú àkáǹtì yín tó wà ní báńkì mìíràn.

Èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ san? Èyí tó ń bímọ. Gbèsè ẹ̀gbọ́n tí kò gba èlé lè dúró, ṣùgbọ́n ẹ lọ bá a kí ọjọ́ tó pé, ẹ mú ohun tẹ́ ẹ bá ní dání, ẹ sọ iye tí ẹ lè máa san. Ẹ̀gbọ́n tó rí yín kò ní bínú bí ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń yà fún lọ́nà. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín bá lè yá yín lówó tí èlé rẹ̀ kéré láti fi pa gbèsè áàpù, ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn. Ẹ rántí àwọn onídùúró yín. Bí ẹ ò bá san, ọrùn wọn ló ń bọ̀. Aṣọ ẹbí ń kọ́? Ẹ má yá owó rà á. Mo ti lọ sí òde ìdílé mi pẹ̀lú aṣọ tí mo ní, wọ́n sì fún mi lóúnjẹ. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣapọ́n.

Òdo tún ń kó bá yín. 15,000 àti 150,000 jọ ara wọn lójú ẹni tó ń kánjú. Kí ẹ tó tẹ PIN, ẹ pe iye náà sókè létí ara yín, ẹ wo àmì tó ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, kí ẹ tún pè é. Bí ẹnìkan bá wà nítòsí tí ẹ fọkàn tán, kó bá yín kà á. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹnìkan mọ òǹkà, ẹnìkan mọ ọjà ná. Kí ẹni tó mọ òǹkà má fi ẹnìkejì ṣẹ̀sín, nítorí ẹ̀sín ló ń mú èèyàn fi gbèsè pamọ́. Ẹ̀yin tí aya tàbí ọkọ yín ò mọ̀ pé ẹ jẹ gbèsè, ẹ kó páálí yẹn kalẹ̀ fún un kí olówó tó wá kan ilẹ̀kùn. Yóò bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú, kí ẹ jọ ka àpótí náà.

Ẹ̀yin tó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ mú ìwé ìfowópamọ́ yín lọ bá akápò lóṣù yìí, kó ka iye tí ẹ ní àti iye tí ẹ jẹ sí yín létí, kó bá yín ya àpótí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe ojúure. Bó bá sọ pé ọwọ́ òun dí, ẹ jókòó dè é.

Èmi ni ìyá yín,
Akápò tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn.