Bọ̀dá Káyọ̀dé, ọ̀rọ̀ owó èéfín tí ẹ bi mí

Leeds,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ara Màmá ti ń yá, mo bá wọn sọ̀rọ̀ lánàá. Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ara tèmi le. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí, ojú oorun ni mo fi ń kọ èyí, ẹ má bínú bó bá rí wúruwùru.

Ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo gbọ́ ọ tán, ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko. Ẹ ní Bùkọ́lá sọ fún yín pé mo san pọ́n-ùn 42 "owó ètùtù èéfín" nígbà tí mò ń bọ̀ wá síbi ìsìnkú Bàbá Ìsọ̀kùn. Ẹ wá ń bèèrè níwájú Màmá pé babaláwo wo ló ní kí n rú u. Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn ará ilé lẹ́yìn yín. Ẹ ní òrùlé yàrá Màmá ń jò, èmi ń sanwó fún afẹ́fẹ́. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá, owó òrùlé ni mo fi ránṣẹ́ ní oṣù kejì, àbí kò dé ni? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti èéfín.

Kẹrosíìnì ni ọkọ̀ òfurufú ń mu. Òun náà ni, àfi pé wọ́n sẹ́ ẹ ju èyí tí Màmá ń rọ sí sítóòfù lọ. Kílò kan rẹ̀ tó bá jó, kílò mẹ́ta àti díẹ̀ èéfín kábọ́nù ló ń dà. Ẹ máa ní báwo ni ọ̀kan ṣe ń di mẹ́ta; ọ́síjìn tí iná ń fà mọ́ra látinú afẹ́fẹ́ ló ń bù kún un. Èéfín yìí ń lọ jókòó sókè, ó ń dé ooru mọ́ ayé lórí. Láti Èkó dé London tó bíi 5,000 kìlómítà. Tí wọ́n bá pín èéfín tí ọkọ̀ náà tú lálọ lábọ̀ fún gbogbo èrò inú rẹ̀, ìpín tèmi nìkan á tó bíi tọ́ọ̀nù kan. Tí wọ́n bá sì kó gbogbo èéfín kábọ́nù tí Nàìjíríà ń tú lọ́dún kan jọ, ti mọ́tò, ti jẹnẹrétọ̀, ti ilé iṣẹ́, tí wọ́n pín in fún gbogbo wa lórí-ò-jorí, kò sí ẹni tí tirẹ̀ máa tó tọ́ọ̀nù kan. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí. Ìrìn àjò kan tí mo fi wá jẹ ìrẹsì ìsìnkú ju gbogbo ohun tí Màmá ń dáná sun láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì wá lọ́dún tó kọjá.

Ti oṣù kẹrin yẹn tiẹ̀ burú jù. Nítorí àtidín owó kù, mo gba Istanbul. Wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ sápá ìlà oòrùn kí wọ́n tó yí padà sí Èkó, ọkọ̀ sì gbéra lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó bá ń gbéra kúrò nílẹ̀ ló ń mu epo jù, bíi tánkà tó rù kún tó ń gun Òkè Ìmọ̀. Àti ìlà funfun tí à ń juwọ́ sí lókè nígbà tá a wà lọ́mọdé, yìnyín wẹ́wẹ́ ni. Àwọn onímọ̀ ní òun náà máa ń dé ooru mọ́lẹ̀, pàápàá lóru.

Ọ̀rọ̀ pọ́n-ùn 42 wá rèé. Bí mo ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì tán, ojú ewé kan yọ lórí fóònù, ó ní bí mo bá san iye báyìí, wọ́n á bá mi dá igbó kan sí níbì kan, igbó yẹn á fa èéfín mi mu. Ọkàn mi ti ń dá mi lẹ́bi tẹ́lẹ̀, mo san án. Wọ́n fi fọ́tò igi ránṣẹ́. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó kà á pé láti oṣù kìíní 2023 ni àwọn oníwèé ìròyìn ilẹ̀ yìí àti ti Jámánì ti tú u síta: ọ̀pọ̀ jù lọ irú owó igbó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò, kò dín èéfín kankan kù. Àwọn tó ń fọwọ́ sí i láwọn ò gbà, wọ́n ní ìṣirò àwọn oníròyìn kò tọ̀nà. Ẹ wò ó báyìí, Bọ̀dá: bí ẹnì kan bá gbowó lọ́wọ́ mi pé òun ò ní dáko sínú igbó orò, ta ló fẹ́ dáko síbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Igi tí wọ́n bá tiẹ̀ gbìn lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò fi máa fa ohun tí mo tú láàárín wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, tí iná ọyẹ́ bá sì jó o lọ́dún kẹta, gbogbo rẹ̀ tún padà sókè. Nítorí náà, lórí èyí, ẹ̀yin lẹ jàre. Mo ti sọ ọ́. Ẹ má sọ fún Bùkọ́lá.

Ṣùgbọ́n ẹbọ ni kò fín o, èéfín ṣì wà lókè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní mi ò lè wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí. Ẹ fẹ́ kí n wá ní oṣù kẹjọ fún àádọ́rin ọdún Màmá, kí n padà, kí n tún wá ní oṣù kejìlá fún ọdún Ìwúde. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: pé owó ni kò sí, mo wá fi èéfín bojú. Owó wà. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ sún ayẹyẹ Màmá mọ́ Ìwúde. Màá gba ọkọ̀ tó ń bọ̀ tààrà, màá sì lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo wá lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni gbogbo rẹ̀. Mélòó ni mo fi jókòó ti Màmá nínú rẹ̀? Èkó sí Iléṣà, Iléṣà sí Èkó, aṣọ ẹbí, kúlà, ó tán.

Ti pé kí n gbé Màmá wá síbí ní ìjókòó ọlọ́lá tó wà níwájú, ibi tí ẹnì kan ń na ara sí níbẹ̀ yẹn, bí èèyàn mẹ́ta ni ìbá gbà lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìpín èéfín rẹ̀ ṣe ń ga. Màmá fúnra wọn tiẹ̀ ní òtútù ibí kò bá àwọn lára mu, ta ló wá ń béèrè ìjókòó yẹn?

Bùkọ́lá ní wọ́n ti rí epo tuntun. Kò parọ́. Ní oṣù kọkànlá 2023, ọkọ̀ kan fò láti London dé New York láìlo kẹrosíìnì tí wọ́n wà látinú ilẹ̀ rárá. Òróró àlòkù àti ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú epo rẹ̀. Òróró alákàrà, Bọ̀dá! Ṣùgbọ́n irú epo bẹ́ẹ̀ kò tíì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí àwọn ọkọ̀ òfurufú ayé ń mu. Gbogbo alákàrà Iléṣà ì bá kó tiwọn jọ, mi ò mọ ibi tó máa gbé ọkọ̀ ńlá kan dé.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì kejì tí mi ò ní rà, mo fẹ́ ká fi ra sólà sí ṣọ́ọ̀bù yín. Fírísà ẹja tútù mẹ́ta lórí jẹnẹrétọ̀, jálá bẹntiróòlù mélòó lọ́sẹ̀? Ẹ ò sọ fún mi rí. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ẹ má fi kún un. Mi ò bá yín wí o, ẹ̀yin kọ́ lẹ mú iná lọ. Màá sanwó náà tààrà fún ẹni tó máa dè é, kì í ṣe pé mi ò fọkàn tán yín.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó kù díẹ̀. Ní oṣù karùn-ún tó kọjá, mo fi ₦180,000 ránṣẹ́ fún igba ọmọ igi, kòkó àti afárà, sí oko Bàbá ní Ìbòdì. Ìyẹn kì í ṣe ètùtù kankan, mo kàn fẹ́ kí ibòji padà sóko lẹ́yìn tí wọ́n ta ìrókò méjèèjì. (Ta ló tà wọ́n? Ẹ ò tíì dáhùn ìyẹn náà.) Fọ́tò kan ṣoṣo lẹ fi ránṣẹ́. Mo ti wo fọ́tò yẹn títí. Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn àwọn igi náà. Oko Bàbá kò ní àpáta. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń mú mi lọ síbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì mẹ́ta, mo mọ gbogbo kùkùté ibẹ̀. Oko ta ni mo wá ń wò?

Mi ò bínú. Àwọn tó gba pọ́n-ùn 42, mi ò mọ ibi tí igbó wọn wà, ó ti lọ nìyẹn. Ìbòdì, mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kejì tí mo bá dé, ká tó ránṣọ, ká tó ya ààfin, èmi àti ẹ̀yin la jọ ń lọ sóko. Ọmọ òṣómàáló ni wá, Bọ̀dá. Bí a bá débẹ̀ tí mi ò rí igi, màá lóṣòó síbẹ̀ títí ẹ ó fi kà wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ bá mi fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ti oṣù kejìlá fún Màmá, kó má dà bíi pé mi ò fẹ́ wá. Mo fẹ́ wá. Ẹ fèsì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, tíkẹ́ẹ̀tì tààrà ń wọ́n sí i lójoojúmọ́. Kí ẹ sì kọ iye igi tó yè sí i.

Àbúrò yín,
Fúnmi