Pápá Bọ́ọ̀lù Wa Kò Gbọdọ̀ Di Pílọ́ọ̀tì Ilẹ̀: Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ìlú Wa Nílé àti Lẹ́yìn Odi

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tó wà nílé, l'Ékòó, n'Íbàdàn, l'Ábújá àti lókè òkun, a kí yín o. Ẹ kú àjò, ẹ kú ìnáwó ilé. Olúwa yóò mú gbogbo wa délé láyọ̀.

Lóṣù tó kọjá, èmi àti akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa lọ kí ìyá àgbà kan ní òkè ọjà. Ọkọ wọn ni kíìpà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa láyé ọjọ́un. Nígbà tí a sọ ohun tó gbé wa wá, màmá kò dá wa lóhùn. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì fa àpótí páànù kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òórùn káńfọ̀ gba gbogbo pálọ̀. Lábẹ́ ìró àti gèlè ni wọ́n ti yọ jẹ́sì kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Ṣé ẹ rántí jẹ́sì yẹn? Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun lásán ni, tí àwọn ìyá wa rẹ sínú aró, tí wọ́n wá gé nọ́ńbà lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì àlòkù, tí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an mọ́ ẹ̀yìn. Nọ́ńbà 1 ni ti bàbá. Òwú tí wọ́n fi rán an kò tíì já títí dòní. Ẹ̀gbẹ́ kan ti ya, ṣùgbọ́n màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán an, torí ọjọ́ tí bàbá fò mú pẹ́náritì lọ́wọ́ àwọn ará ìlú kejì ló ya.

Bí òjò bá ká wọn mọ́ orí pápá, aró yẹn a máa ṣàn. Tí wọ́n bá bọ́ jẹ́sì lẹ́yìn eré, àyà gbogbo wọn a ti dúdú minimini. Àwọn ìlú tí à ń bá gbá bọ́ọ̀lù a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Àwọn aláyà aró ti dé o!” Nígbà tó yá, àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ki ara wa. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ń kọjá lọ ní ọjà kan l'Ékòó, bàbá kan tó ti hewú pè mí láti ẹ̀yìn pé, “Aláyà aró!” Ó lé lógójì ọdún tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Inú ọjà yẹn náà ni àwa méjèèjì ti sunkún.

Pápá tí jẹ́sì yẹn ti ya ni ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ gbé wá síwájú yín.

Igi gólì kan ṣoṣo ló dúró níbẹ̀ báyìí. Eésún ti bo apá ìlà oòrùn pátápátá. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣán an fún ọdún Kérésì, wọ́n bá òpó kọnkéré kéékèèké mẹ́rin nínú koríko, irú èyí tí àwọn awọnlẹ̀ fi ń pààlà. A kò mọ ẹni tó rì wọ́n, a kò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. A gbé ọ̀rọ̀ náà dé ààfin. Kábíyèsí ní ilẹ̀ ìlú ni, ẹbí tó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láyé àwọn bàbá wọn sì jẹ́rìí sí i níwájú gbogbo wa. Ohun kan ni wọ́n bẹ̀ wá: kí a wọn ilẹ̀ náà bó ṣe yẹ, kí a gba ìwé rẹ̀ lórúkọ ìlú, kí a sì sọgbà yí i ká. Ilẹ̀ tí kò ní ọgbà láyé ìsinsìnyí, ẹni tó bá kọ́kọ́ kó búlọ́ọ̀kù dé ibẹ̀ ló ni ín.

Àwọn kan nínú wa ti béèrè pé kí la fẹ́ fi pápá ṣe nígbà tí kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mọ́. Mo fẹ́ dá wọn lóhùn tọkàntọkàn, torí ìbéèrè gidi ni.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó wà létí pápá yẹn. Igi ọdán ńlá wà lẹ́yìn gólì apá òkè, níbi tí àwọn bàbá wa ti ń ta ayò láti ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣọ́ọ̀bù bàbá télọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rédíò wọn sì wà lójú fèrèsé, wọ́n kọ ojú rẹ̀ síta kí gbogbo ayé lè gbọ́. Abẹ́ fèrèsé yẹn la dúró sí lọ́dún 1976, nígbà tí Shooting Stars Ìbàdàn borí Tonnerre ti Yaoundé ní Kamẹrúùnù tí wọ́n sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó gba irú rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Mi ò rí Mùdá Lawal sójú rí, mi ò rí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, àwọn agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars, àmọ́ orúkọ wọn ni à ń pín láàárín ara wa kí a tó bẹ̀rẹ̀ eré tiwa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé pápá ló ń mú Mùdá. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé ṣì ń yí ilẹ̀ Yorùbá ká, láyé Ògúǹdé àti Bàbá Sàlá, orí pápá yẹn náà ni ọkọ̀ tí wọ́n so gbohùngbohùn mọ́ ti ń kéde eré alẹ́. Ọ̀pọ̀ yín tó ń ka èyí, etí pápá yẹn lẹ ti kọ́kọ́ rí ọkọ tàbí aya yín. Ẹ kò lè jiyàn.

Gbogbo rẹ̀ ló ti lọ. Bàbá télọ̀ ti kú, ìjì gbé igi ọdán ṣubú, eléré kò wá mọ́. Ọ̀tá kankan kọ́ ló pa ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa. Nígbà tí ìjọba gbé ètò ọrọ̀ ajé SAP dé lọ́dún 1986, owó náírà já wálẹ̀, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù wábi gbà lọ, àwọn ọ̀dọ́ gba Èkó lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí tí a kò fi rí ènìyàn mọ́kànlá kó jọ. Àwọn tó lówó jù wá lọ náà kò yọ. Leventis United Ìbàdàn gba ife FA lọ́dún 1984, wọ́n tún gbà á lọ́dún 1986, ní 1987 ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n tú wọn ká. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gbà á lọ́dún 1985 àti 1987, àwọn náà ti di ìtàn. Bí ẹgbẹ́ tí ilé iṣẹ́ àti olówó ń bọ́ bá lè parẹ́ bẹ́ẹ̀, tiwa tó jẹ́ pé owó tí àwọn àgbẹ̀ dá lẹ́yìn títa kòkó àti iyán tí àwọn ìyá wa gún ló gbé e ró, mo gbà pé ó gbìyànjú.

Níhìn-ín l'Ékìtì, a mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí Ọlọ́run dá àti ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe. Ní Ìkọ́gòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ṣì ń pàdé bí wọ́n ṣe ń pàdé kí wọ́n tó bí àwọn bàbá wa, kò sí ẹgbẹ́ tó dáwó fún un. Ní Ìrè-Èkìtì, ilé iṣẹ́ bíríkì tí ọwọ́ ènìyàn kọ́, ẹ̀rọ ibẹ̀ dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Pápá wa kì í ṣe omi Ìkọ́gòsì. Àwọn bàbá wa ló fi àdá àti ọkọ́ tẹ́ ẹ, bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, yóò lọ.

A kò ṣèlérí pé ẹgbẹ́ àtijọ́ yóò jí dìde. Ohun tí à ń sọ ni pé àwọn ọmọ wa tó wà nílé ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́bàá títì báyìí, ọ̀kadà ń já láàárín wọn, mo sì ti rí èyí tí wọ́n gbé lọ sọ́sípítù. Àwọn náà nílò ibi tí wọn yóò ti mọ ara wọn kí wọ́n tó tú ká, bí àwa ṣe mọ ara wa.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Pápá náà fúnra rẹ̀ yóò jẹ́ mítà 105 ní gígùn àti mítà 68 ní fífẹ̀, bí ìlànà bọ́ọ̀lù ṣe sọ. A ó fi àyè sílẹ̀ yí i ká fún ìjókòó àti ibi tí a ó tún gbin igi ọdán sí, ìyẹn mítà 120 sí 80. Ọgbà rẹ̀ jẹ́ mítà 400. Bí a bá ń ri òpó kọnkéré kan ní mítà méjì ààbọ̀ síra wọn, òpó 160 ni. Òpó kan, pẹ̀lú wáyà àti owó iṣẹ́, jẹ́ ₦25,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦4,000,000, láì tíì ka owó awọnlẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ti ní àwọn yóò dá gbé.

Nítorí náà, a bẹ ẹbí kọ̀ọ̀kan pé kó gbé òpó kan, ó kéré tán. Ẹni tó bá lágbára kó gbé márùn-ún. Àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn tó ń wáṣẹ́, ₦1,000 yín pọ̀ lójú wa, ẹ má fi ìtìjú dúró sẹ́yìn. Àwọn mẹ́ta ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé owó, a ó sì máa lẹ àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú lóṣooṣù.

A kò ní kọ orúkọ ẹni tó dáwó sára òpó kankan. A jiyàn lórí èyí títí, èmi náà sì wà lára àwọn tó dúró lé e pé kò yẹ. Àwọn ìyá tó rẹ aró kò kọ orúkọ wọn sára jẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ wo pápá ìṣeré Adó-Èkìtì: orúkọ Olúyẹmí Káyọ̀dé ló ń jẹ́, ọ̀kan lára àwọn tó sáré gba fàdákà fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Barcelona lọ́dún 1992, nínú eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin. Ó kú lọ́dọ̀ọ́, àmọ́ ọmọdé tó bá wọ ibẹ̀ lónìí ń pe orúkọ rẹ̀. Irú rẹ̀ la fẹ́ ṣe lẹ́nu géètì tiwa: pátákó kan ṣoṣo, orúkọ gbogbo àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú yìí, àti orúkọ àwọn ìyá tó rẹ jẹ́sì wọn.

Orúkọ yẹn kò tíì pé lọ́wọ́ wa. Mọ́kàndínlógún la rí kọ. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín wà nínú ẹgbẹ́ náà, ẹ bá wa wá fọ́tò wọn. Bí fọ́tò bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tipá ṣí i, yóò ya. Ẹ gbé e bó ṣe wà. Bí ẹ bá fẹ́ fi fóònù yà á ránṣẹ́, ẹ yà á lójúmọmọ nítòsí fèrèsé, ẹ má tan iná fóònù sí i. Ẹ rọra fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe báírò. Bí àgbàlagbà kan bá wà nílé yín tó ṣì rántí, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ sínú fóònù yín lálẹ́ òní, lédè Èkìtì ilé wa gan-an, kó sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀ lẹ́nu wọn.

Ìpàdé gbogbogbò yóò wáyé ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ní gbọ̀ngàn ìlú, láti ibẹ̀ ni a ó ti jọ rìn lọ sí pápá. Akápò yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Orúkọ kan ti wà ní ojú ewé àkọ́kọ́: màmá tí a lọ kí. Bí a ṣe fẹ́ dìde lọ́jọ́ náà, wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n ka ₦2,000 sí wa lọ́wọ́. A ní kí wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn yóò mú jẹ́sì náà wá sí ìpàdé fúnra wọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá gbà á lọ́wọ́ àwọn ṣáájú ọjọ́ yẹn.