Ẹ yẹ etí àgbàlagbà wò kí ẹ tó kọ̀wé nípa iyè rẹ̀

Sí Olóòtú,

Tìbínútìbínú ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fún un láàyè nínú ìwé ìròyìn yín. Àsìkò àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tún ti dé, àwọn òṣìṣẹ́ tí ìjọba fi síbẹ̀ sì tún ti gbé àṣà burúkú wọn dé: àgbàlagbà tí kò bá tètè jẹ́ ìpè, tàbí tí ó dáhùn ohun tí wọn kò bi í, wọn a kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé iyè rẹ̀ ti ń ra. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kan màmá mi, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìntì, tí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ kò tíì rí ẹlòmíràn tí wọn yóò fi ìwé owó lé lọ́wọ́.

Gbogbo ẹni tó ti tẹ̀lé òbí rẹ̀ lọ síbẹ̀ ló mọ bí gbọ̀ngàn náà ṣe rí. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lábẹ́ fèrèsé, àwọn arúgbó tí wọn kò fojú kan ara wọn láti ọdún tó kọjá ń kí ara wọn tọmọtọmọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò gbójú sókè sì ń pe orúkọ sínú maikirofóònù tó ń súfèé. Ó pe Àbẹ̀kẹ́. Àṣàkẹ́ ni màmá rò pé ó pè, wọ́n sì jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí wọ́n pàpà dé iwájú tábìlì, ó bi wọ́n, ojú rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé, pé ọdún mélòó ni wọ́n ti fẹ̀yìntì. Màmá gbọ́ ọmọ mélòó, wọ́n ní mẹ́rin. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀; ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ dókítà pé orí wọn ṣì pé, kí owó wọn tó lè jáde.

Kò sí ẹni tó yẹ etí wọn wò. Láti ẹnu ọ̀nà títí dé orí tábìlì, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè bóyá wọ́n gbọ́ ohun tí a sọ. Wọ́n dá ẹjọ́ iyè láìgbọ́ ti etí rárá. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá mọ díẹ̀ nípa bí etí ṣe ń gbó mọ̀ pé àwọn ohùn tó ga tó sì tín-ín-rín ló kọ́kọ́ máa ń sọnù, àwọn ni a sì fi ń dá ṣ mọ̀ yàtọ̀ sí f, tí a fi ń dá k mọ̀ yàtọ̀ sí t. Ìró ohùn ọ̀rọ̀, dò-rè-mí rẹ̀, máa ń pẹ́ kó tó lọ. Dò-dò-mí ni Àbẹ̀kẹ́, dò-dò-mí ni Àṣàkẹ́. Ẹ wá fi ariwo jẹnẹrétọ̀ lé e, kí ẹ sì sọ fún mi bí iyè ṣe jẹ̀bi níbẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ohun àṣírí láyé mọ́. Dókítà kan wà ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Frank Lin. Oníṣẹ́ abẹ etí ni, Yunifásítì Johns Hopkins ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó lè máa tún etí ṣe, kó máa gba owó rẹ̀ lọ sílé, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ló fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ lé lórí: bí etí àgbàlagbà bá ń di díẹ̀díẹ̀, kí ni ó ń ṣe sí ọpọlọ rẹ̀? Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, èrò ọ̀pọ̀ dókítà kò jìnnà sí ti àwọn aláṣẹ wa, pé ogbó ló dé, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2011, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 639 tí wọ́n ti yẹ etí wọn wò láàárín ọdún 1990 sí 1994, nígbà tí kò sí àrùn ìgbàgbé lára ẹnikẹ́ni nínú wọn, tí wọ́n sì ń ṣọ́ wọn lẹ́yìn náà fún nǹkan bí ọdún 12. Àwọn 58 ni àrùn ìgbàgbé padà mú. Ẹni tí etí rẹ̀ di díẹ̀ ní ewu rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ẹni tí etí rẹ̀ dá ṣáká. Ẹni tí tirẹ̀ di níwọ̀nba, ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tí tirẹ̀ di gan-an, nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Ní ọdún 2013, ó tún gbé ìwádìí mìíràn jáde lórí àgbàlagbà 1,984, ó sì rí i pé iyè àwọn tí etí wọn di ń yára jó rẹ̀yìn ju ti ẹgbẹ́ wọn tó ń gbọ́ràn dáadáa lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí ọ̀rọ̀ mi padà o. Lin kò sọ pé ẹni tí etí rẹ̀ di ti ń ṣarán. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ wa ń kọ sínú fáìlì nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ó kọ. Ohun tí ó ń sọ ni pé tí ohùn bá ń dé sí ọpọlọ ní àjákù, ọpọlọ ní láti máa lo agbára tí ì bá fi rántí nǹkan láti fi tún ohùn náà so pọ̀. Ó tún ní ibi tí ohùn kò bá dé dáadáa nínú ọpọlọ lè máa sún kì. Èyí tó tún wá burú jù lójú tèmi ni pé ẹni tí kò gbọ́ràn máa ń yẹra fún àwùjọ. Gbogbo wa la mọ bàbá kan tí kì í wá sí ìdí ọpọ́n ayò mọ́ nítorí pé kò gbọ́ àwàdà tí wọ́n ń dá, tí àwọn ènìyàn sì ń sọ pé ó ti di agbéraga.

Ní ìlú Linköping ní Sweden, Jerker Rönnberg, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti ń wa ilẹ̀ kan náà láti ẹ̀gbẹ́ kejì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tirẹ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ bá wọlé kedere, yíyé rẹ̀ kì í gba wàhálà. Àfi tí kò bá kedere ni iyè tí a fi ń di ọ̀rọ̀ mú fún ìgbà díẹ̀ yóò máa ṣe làálàá láti fọ̀kan mọ́kan. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níwájú tábìlì òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ní kò ronú.

Kódà ẹni tí etí rẹ̀ pé kì í gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ sí i. Ní ọdún 1953, Colin Cherry ti Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwádìí kan jáde: ó fi ẹ̀rọ sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ sí etí ọ̀tún àti etí òsì, ó ní kí àwọn olùgbọ́ máa tún ti etí kan sọ. Nígbà tí èdè tó wà ní etí kejì yí padà sí ti Jámánì, wọn kò fura. Ní ọdún 1959, Neville Moray pe orúkọ olúkúlùkù sí etí tí kò fọkàn sí, nǹkan bí ẹnì kan péré nínú mẹ́ta ló sì gbọ́ ọ. Orúkọ ara wọn ni mo wí o! Ṣé kí á lọ kọ ọ́ sí fáìlì àwọn yòókù náà pé iyè wọn ti ra?

Mo padà sọ́dọ̀ Lin, nítorí pé ohun tó ṣe lẹ́yìn ìwádìí ló yẹ kó dójú ti àwọn tó wà nípò lọ́dọ̀ wa. Kò jókòó ti ìwé rẹ̀. Ó wà lára àwọn tí wọ́n fi ìmọ̀ wọn ti àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà lẹ́yìn títí òfin ọdún 2017 fi jáde, èyí tó bí ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2022, pé kí àgbàlagbà tí etí rẹ̀ di díẹ̀ tàbí níwọ̀nba lè wọ ilé ìtajà kó ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn láìgba ìwé dókítà. Ó tún darí ìdánwò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ACHIEVE, lórí àwọn ènìyàn 977 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 70 sí 84. Àwọn kan gba ẹ̀rọ ìgbọ́ràn pẹ̀lú ìtọ́sọ́nà lórí bí wọn yóò ṣe lò ó, àwọn yòókù gba ẹ̀kọ́ nípa ìlera. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2023, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì lápapọ̀ nínú bí iyè wọn ṣe ń jó rẹ̀yìn. Lin kò fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ewu wọn pọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà dín bí iyè ṣe ń jó rẹ̀yìn kù ní ìdá 48 nínú 100. Àwọn tí wọ́n ń polówó ẹ̀rọ etí lórí rédíò bí ẹni ń polówó àgbo gbogbo-ǹṣe kì í sọ apá àkọ́kọ́ yẹn.

Ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí. Ìbàdàn wà lára ibi tí ayé ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àrùn ìgbàgbé. Àwọn dókítà ibẹ̀ ló bá ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n ń wọ ilé dé ilé lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà ní Ìdíkàn, tí wọ́n sì fi hàn ní ọdún 2001 pé ìdá 1.35 nínú 100 ni àrùn náà ń mú lọ́dún lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá wọ̀nyẹn, nígbà tí ó jẹ́ 3.24 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ìlú tó bí irú iṣẹ́ yìí ni òṣìṣẹ́ kan ti ń fi ojú lásán dá ẹjọ́ iyè láàárín ìṣẹ́jú méjì! Àwọn ọ̀gá wọn ńkọ́? Ìpàdé ni wọ́n wà. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ìpàdé lórí ìtọ́jú àgbà, wọn a ya fọ́tò, wọn a pín àpò tí wọ́n kọ orúkọ ara wọn sí, kò sì ní sí ẹni tí yóò pàṣẹ kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lábẹ́ fèrèsé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè kò gba owó púpọ̀. Kí nọ́ọ̀sì kan wà ní ibi àyẹ̀wò, nínú yàrá tí ó dákẹ́, kí ó sì ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún arúgbó kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè. Yóò dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan, kí arúgbó náà má baà máa wo ètè rẹ̀. Arúgbó yóò fi ìka dí etí kan. Nọ́ọ̀sì yóò mí síta tán, yóò wá sọ nọ́ńbà àti lẹ́tà mẹ́ta ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bíi mẹ́rin, K, méjì, yóò sì ní kí ó tún un sọ. Bí kò bá gbà á, yóò tún fi mẹ́ta mìíràn dán an wò. Bí kò bá gbà tó mẹ́ta nínú mẹ́fà, kí ó wo ihò etí tó dán wò náà, nítorí ìdọ̀tí etí lásán ló ń fa ti àwọn mìíràn, kí ó sì lẹ káàdì aláwọ̀ ewé mọ́ ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá rí káàdì náà ní láti gbójú sókè, kó jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bọ́ sí ojú rẹ̀, kó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láìpariwo, kó sì kọ ìbéèrè sórí pépà bí kò bá yé ara wọn. Kí nọ́ńbà tí a kọ sára pátákó sì rọ́pò orúkọ pípè. Títí gbogbo èyí yóò fi wáyé, kò yẹ kí òṣìṣẹ́ kankan ní àṣẹ láti kọ ohunkóhun nípa iyè ẹnikẹ́ni.

Kí ìjọba rí i pé kò sí owó orí ibodè lórí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn àti bátìrì rẹ̀. Kí ètò ìlera adójútòfò máa san owó rẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà. Kí wọ́n sì fún àwọn tí wọ́n ti dá owó wọn dúró báyìí ní owó wọn, kí wọ́n wá pè wọ́n padà fún àyẹ̀wò etí lẹ́yìn náà. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni gbogbo àgbáyé fi ń sàmì ọjọ́ ìgbọ́ràn. Àsìkò ṣì wà fún wọn láti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú rẹ̀, bí wọn kò bá tún ní fi ìpàdé lò ó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, Ìbàdàn