Ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ ìwé kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tó sanwó

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ máa ń gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú pé kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìyẹn dáa, àmọ́ ó ku ibì kan tẹ́ ò sọ, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ torí ó ti jẹ mí níyà fún oṣù méjì gbáko.

Tíṣà pírámárì ni mí n'Íbàdàn, mo ti lé lógójì ọdún. Ohun tó gbé mi dé ìdí PHP, ìyẹn èdè kan tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, ò ju pé ó ti sú mi láti máa fọwọ́ kọ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì sínú rẹ́jísítà ní táàmù-táàmù, mo ní kí n kúkú ṣe nǹkan kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà tí màá máa tẹ orúkọ wọn sí. Ni mo bá ra ìwé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ oníwèé ẹ̀gbẹ́ títì kan ní Dùgbẹ̀, ó nípọn bíi búrẹ́dì, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán, mo sì ná an títí tó fi gbé e fún mi.

Ìwé ọ̀hún mọ ọ̀rọ̀ sọ o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi XAMPP, ohun tó ń jẹ́ kí PHP ṣiṣẹ́, sínú láptọ́ọ̀pù, kéèyàn lè máa ṣe gbogbo ẹ̀ nílé láìra dátà, fáìlì tó o bá ti jù sínú fódà htdocs, o kàn máa tẹ localhost, ó ti gbé e síta. Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé Rasmus Lerdorf tó kọ́kọ́ ṣe PHP, tó gbé e jáde ní 1995, kò ní in lọ́kàn láti ṣe nǹkan ńlá, ó kàn fẹ́ mọ iye èèyàn tó ń wo CV òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ó tún kọ́ mi pé orúkọ àpótí tá a bá fẹ́ kó nǹkan sí gbọ́dọ̀ ní àmì dọ́là níwájú (ìyàwó mi yọjú wò ó, ó ní ṣé owó òkèèrè ni mò ń kà lóru ni), àti pé semicolon, àmì (;) yẹn, ló ń parí ọ̀rọ̀. Tó o bá gbàgbé ẹ̀ ní ìlà kẹrin, ìlà karùn-ún ni PHP máa fẹ̀sùn kàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń fìyà jẹ ìlà tí ò ṣẹ̀.

Àfi ìgbà tá a dé orí kọkànlá, níbi tó yẹ ká ti so iṣẹ́ wa mọ́ dátábéèsì, ibi tí orúkọ tá a bá tẹ̀ ń wà ní ìpamọ́. Mo da ohun tó wà nínú ìwé kọ, létà kan ò yẹ̀, ohun tó jáde ni Call to undefined function mysql_connect(), ìyẹn ni pé PHP ò mọ mysql_connect, àṣẹ tí ìwé ní ká fi so ó mọ́ dátábéèsì. Mo tún un kọ. Mo yọ XAMPP kúrò, mo tún un fi. Mo tiẹ̀ gbàdúrà sí i. Gbogbo ìgbà yẹn mo rò pé orí mi ni ò gbé e.

Àbúrò ìyàwó mi tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun l'Ékòó ló wá kí wa nígbà Iléyá, kò tiẹ̀ wo ohun tí mo kọ, iwájú ìwé ló ṣí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. 2009! Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé yín dàgbà ju àwọn ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ lọ." Ó ṣàlàyé pé láti 2013 ni PHP 5.5 ti ń kìlọ̀ pé káwọn èèyàn fi mysql_connect sílẹ̀, nígbà tí PHP 7 sì jáde ní Disẹ́ńbà 2015, wọ́n yọ ọ́ dànù pátápátá, pé ọ̀nà méjì míì, PDO àbí mysqli, la fi ń so mọ́ dátábéèsì báyìí. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ohun téèyàn bá tẹ̀ síbẹ̀, tààràtà ni ìwé yẹn ní ká máa dà á mọ́ àṣẹ tá à ń fún dátábéèsì, ẹni tó bá gbọ́n á kàn tẹ àṣẹ tiẹ̀ síbi tó yẹ kó tẹ orúkọ sí, ó sì lè palẹ̀ gbogbo ẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ prepare ti PDO, àṣẹ la máa kọ́kọ́ kọ, a ó wá fún un ní orúkọ lọ́tọ̀, orúkọ ò ní lè di àṣẹ.

Ìyẹn tọjọ́ orí ìwé. Èyí tó kù kì í ṣe ọjọ́ orí, ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ ni. Wọ́n ní ká fi strlen ka létà inú orúkọ, àwọn fi John ṣe é, 4 ló jáde. Èmi fi Bọ́lá sí i. 9! Mo fọwọ́ kà á lórí bébà bí ọmọ pírámárì wáàǹ, mẹ́rin ni. Àṣé báìtì, ìyẹn àyè tí létà ń gbà nínú kọ̀ǹpútà, ni strlen ń kà, kì í ka létà, ọ gba mẹ́ta, àmì ohùn orí ẹ̀ gba méjì, á gba méjì, B àti l gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbìyànjú mb_strlen, ó sọ pé 5, torí ó ka àmì orí ọ́ yẹn lọ́tọ̀. grapheme_strlen nìkan ló sọ pé 4, òun náà ò ṣiṣẹ́ àfi ìgbà tí mo wọ php.ini, fáìlì ètò PHP, tí mo yọ semicolon tó wà níwájú extension=intl, torí níbẹ̀ ṣe ló ń jẹ́ kí PHP fo ìlà náà, semicolon kan náà tí mo jìyà ẹ̀ torí mi ò fi sí i, òun ni mo tún ń yọ.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá tún ń gba àwọn ọmọ wa níyànjú, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ọdún ìwé, PHP 8 ti jáde láti Nofẹ́ńbà 2020, ìwé tí ò bá ti dárúkọ ẹ̀ rárá, kí wọ́n ná an bíi ìwé àlòkù. Ẹ sì fún wa ní igun kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín, tí ẹnì kan á ti máa fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀, kó máa fi Bọ́lá ṣàpẹẹrẹ.

Ìwé tèmi ṣì wà nílé, orí mẹ́wàá àkọ́kọ́ ṣì wúlò. Mo ti fi máákà kọ 2009 gàdàgbà sára èèpo ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà kan n'Íbàdàn