Rónkẹ́, wọ́n ti kan pẹ́ẹ̀gì síwájú ilé Bàbá

Rónkẹ́ tèmi,

Ṣé dáadáa ni? Òtútù ńkọ́? Ìyàwó Dáúdà ti bímọ, ọkùnrin, orúnkún Ìyá Àgbà náà ti ń fúyẹ́. Ó parí. Ohun tí ò jẹ́ kí n sùn látàná, ọ̀rọ̀ títì yẹn ni.

O rántí títì Àbíjàn sí Èkó tí wọ́n ń sọ, tó máa gba Gánà, Tógò àti Kútọnù kọjá, kìlómítà 1,028, ojú ọ̀nà mẹ́ta lálọ mẹ́ta lábọ̀? Láti 2014 làwọn olórí ìlú márààrún ti tọwọ́ bọ̀wé ẹ̀, èmi ti ní ẹnu lásán ni, àfi Túsìdeè tó kọjá táwọn ọkùnrin mẹ́ta kan gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń fojú kan wò ó, wọ́n wá kan pẹ́ẹ̀gì sídìí máńgòrò Bàbá, wọ́n kun orí ẹ̀ ní pupa. Mo ní kí lèyí, ọ̀kan ní "Màdámù, iṣẹ́ la bá wá." Ó ra píọ̀ wọ́tà méjì, kò gba ṣéńjì. Rónkẹ́, ẹni tí ò gba ṣéńjì lọ́wọ́ ẹ, àánú ẹ ló ń ṣe é.

Mi ò ní kí wọ́n má ṣe títì o. Ìgbà tí wọ́n ti bọ́dà láti oṣù kẹjọ 2019, tó di ìparí 2020 kí wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀, ṣebí ìwọ lò ń fowó ránṣẹ́ sí mi. Lápá Aného ní Tógò lọ́hùn-ún, òkun ti jẹ títì àtijọ́, tó bá tún wá gba èyí tó kù, ibo la fẹ́ gbà? Ṣùgbọ́n ìjẹta tí mo kó ańkárá bọ̀ láti Kútọnù, okùn mọ́kàndínlógún táwọn agbófinró ta dínà ni mo kà láti bọ́dà délé, dráíbà á ti na owó síta kí mọ́tò tó dúró, bí ẹni ń dà àgbàdo fádìẹ. Tí wọ́n bá wá fẹ títì sí mẹ́fà, okùn yẹn á kàn gùn sí i ni jàre.

Má bínú sóhun tí mo fẹ́ sọ yìí. Rìsíìtì ilẹ̀ tí Bàbá kó lé ẹ lọ́wọ́ kó o tó lọ, jọ̀ọ́ ya fọ́tò ẹ̀ sí mi lórí WhatsApp, iwájú àtẹ̀yìn. Wọ́n ń sọ níbí pé tí títì bá gba ilẹ̀ èèyàn, ẹni tí ò níwèé ò ní rí kọ́bọ̀ gbà. Mo mọ nǹkan tíwèé yẹn dá sílẹ̀ láàárín ìwọ àti àbúrò ẹ, mi ò fẹ́ tú u, àmọ́ mo rí òun náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́ẹ̀gì yẹn láàárọ̀ àná, ó ń fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, kò kí mi.

Máńgòrò náà so lọ́dún yìí bí nǹkan míì, ẹ̀ka ẹ̀ ti ń kan páànù. Pè mí tó o bá jí.

Èmi ni,
Sìkírá, Àgbádárìgì