Kano Kì Í Ṣe Èrò àti Eruku Lásán

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní òun lo ọjọ́ mẹ́ta ní Kano, pé èrò àti eruku nìkan ni òun rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé ni.

Èrò pọ̀ lóòótọ́. Adaidaita Sahu, bí wọ́n ṣe ń pe kẹ̀kẹ́ Màrúwá níbẹ̀, há mọ́ ara wọn lójú títì débi pé orúnkún ẹni tó wà nínú ti ẹ̀gbẹ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi. Àmọ́ Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò tó wà lẹ́yìn odi ìlú, lọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ní Kano. Nígbà tí ojú irin Èkó dé ibẹ̀ ní 1912, ẹ̀yìn odi ni àwọn Yorùbá tó bá a lọ ń sọ̀ sí, ibẹ̀ náà la ṣì ń sọ̀ sí. Bàbá mi ta obì ní Sabon Gari fún ọdún mọ́kànlá, kò wọ inú odi ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ẹnubodè Kofar Mata lèmi gbà wọlé, níbi tí kòtò aró wọn wà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti 1498 ni wọ́n ti ń rẹ aṣọ níbẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ẹ̀gbẹ́ Ìtòkú ni mo gbé dàgbà. Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin ló ni aró, inú ìkòkò ló sì ń wà. Ní Kofar Mata, ọkùnrin ni gbogbo wọn, ilẹ̀ ni wọ́n sì gbẹ́: kòtò rìbìtì tó jìn tó kí ènìyàn mẹ́ta gun ara wọn léjìká.

Bàbá àgbà kan jókòó létí ọ̀kan. Mo kí i ní ìwọ̀nba Hausa tí mo gbọ́: "Sannu da aiki." Ẹ kú iṣẹ́ náà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé Bayerabe, ìyẹn Yorùbá, ni mí. Ó ri aṣọ funfun bọ kòtò, ó fà á yọ. Bó ṣe kọ́kọ́ jáde, ó dà bí ewé tútù. Atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó sì di aró lójú mi kòrókòró. Láti èékánná dé ìgúnpá, apá bàbá náà ti gba àwọ̀ aṣọ yẹn. Ẹ̀lú, eérú àti kánún ni wọ́n ń pò pọ̀, ó ní wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó kan. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá nawọ́ sí àwọn kòtò tó ti gbẹ, tí pàǹtírí kún inú wọn. Ó ní aṣọ òkè òkun ló kó oníbàárà lọ.

Ní ọjà Kurmi, tí Sarki (ọba) Muhammadu Rumfa dá sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ọ̀nà tóóró débi pé bí aláàárù bá ń bọ̀, àfi kéèyàn lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo rí obì nínú apẹ̀rẹ̀, ewé ṣì bò ó. Olówò náà ní Ṣàgámù ló ti wá. Mo dúró tì í díẹ̀, mo rántí bàbá mi.

Odi ìlú náà gan-an ló mú mi kọ̀wé yìí. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún tí Sarki Gijimasu ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Kano ní 1903, Lugard fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò rí irú rẹ̀ rí ní Áfíríkà. Lónìí, ibi tí mo dé ti di òkìtì. Mo bá àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n ní ilé ni wọ́n fẹ́ fi kọ́. N ò bínú sí wọn, ilé ló ká wọn lára. Àwọn tó yẹ kó dáàbò bò ó ni mo ń bá wí. UNESCO fi Durbar Kano, ìwọ́de àwọn ẹlẹ́ṣin, sínú ìwé àṣà àjogúnbá ọmọ aráyé ní 2024, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí ẹṣin yẹn ń yí ká, odi rẹ̀ ń wó lọ. (Àwa náà ńkọ́? Odi tí Balógun Ìbíkúnlé mọ yí Ìbàdàn ká dà?)

Mo bẹ̀ yín, ẹ rán ayàwòrán lọ síbẹ̀ kó tó tán. Kí ìjọba Kano àti ti Àbújá fòpin sí gbígbẹ́ yẹ̀pẹ̀ náà, kí wọ́n fún àwọn tó ń gbẹ́ ẹ níbòmíràn tí wọ́n ti lè rí yẹ̀pẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn wa ní Sabon Gari, ẹ wọ inú odi, ẹ ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn bàbá yẹn.

Èmi ra ọ̀pá mẹ́rin. Mo gbé e lọ fún ìyá aláró kan tí mo mọ̀ ní Ìtòkú. Kò bi mí léèrè ibi tó ti wá. Ó kàn gbé e símú, ó fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀lú gidi nìyí. Ta ló rẹ ẹ́?"

Òǹkàwé yín,
láti Abẹ́òkúta